Orúkọ, Àkókò àti Ẹ̀mí: Bátànì Àrùn Jẹjẹrẹ Orí àti Ọrùn Lára Àwọn Ọmọdé Wa

 

1. Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú yín máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ ń wá nínú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ. Ewì, ìtàn àti eré-onítàn ni iṣẹ́ mi. N kò mú abẹ rí, n kò sì kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tí ń ṣàìsàn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ bá pàdé. Ìyá rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ wú. Kí ó tó gbé ọmọ náà lọ sí ibikíbi, ó ti fún wíwú náà ní orúkọ, orúkọ yẹn ni yóò sì júwe ọ̀nà fún un. Bí ó bá pè é ní èéwo, ewé àti ìpara ni yóò wá. Bí ó bá pè é ní kòkòrò eyín, ọ̀dọ̀ ẹni tí ń yọ eyín ni yóò gbà lọ. Bí ó bá pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé, ilé aláwo ni. Láàárín orúkọ àkọ́kọ́ yìí àti orúkọ tí àrùn náà ń jẹ́ gan-an ni ẹ̀mí ọmọ wà. Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ní ẹnu láti sọ nípa àrùn.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa lónìí kò pọ̀. Jẹjẹrẹ tí ń mú ọmọdé ní orí àti ní ọrùn ní bátànì: ó ní ọjọ́ orí tí ó ń yàn, ó ní ilẹ̀ tí ó ń yàn, ó sì ní ọ̀nà tí ó ń gbà fi ara hàn. Ìlú Ìbàdàn, tí ó jẹ́ olórí ìlú ìpínlẹ̀ wa, kó ipa pàtàkì nínú mímọ bátànì náà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú wọn ní ilẹ̀ wa ṣeé wò sàn. Àkókò tí à ń fi àṣìpè orúkọ ṣòfò wà lára ohun tí ó ń pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí.

2. Ọ̀rọ̀ náà 'jẹjẹrẹ'

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ wo egbò tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ta yí i ká, wọ́n rí i bí akàn tí ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ akàn pè é. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Róòmù lò ti wá, òun náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì jogún. Ìrísí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìṣe ni Yorùbá wò ní tirẹ̀. Ìró 'jẹ' hàn ketekete nínú 'jẹjẹrẹ': ohun tí ń jẹ ẹran ara, tí kò sì yó. Orúkọ tí ó bá egbò burúkú mu ni, irú èyí tí ń mú àgbàlagbà ní ọmú, ní ẹsẹ̀ tàbí ní ẹnu.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Jẹjẹrẹ ọmọdé kì í sábà fi egbò bẹ̀rẹ̀. Wíwú ni ó ń wú. Awọ tí ó bo wíwú náà lè máa dán, kí ó má sì dun ọmọ púpọ̀. Nígbà tí a bá wò ó pẹ̀lú àwòrán tí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ti yà sí wa lọ́kàn, a kì í rí ohun tí ń jẹ ẹnikẹ́ni. A ó wáá lọ mú orúkọ mìíràn nínú àpò èdè: ṣegede, èéwo, kòkòrò eyín; bí ó bá jẹ́ ọrùn ni, gẹ̀gẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọjọ́ orí ọmọ àti iye ọjọ́ tí wíwú náà ti lò ni ilé tí ó yẹ kí a wò kí a tó sọ àrùn rẹ̀ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ṣegede ṣe àpẹẹrẹ. Ṣegede máa ń bá ibà wá, ó sábà máa ń mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kì í sì í ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ tí yóò fi rọlẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí ń mú ènìyàn, òun ni ó ń yára dàgbà jù: láàárín ọjọ́ kan sí méjì, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Bí a bá ní kí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wo ewé, ohun tí ó dà bí ẹ̀pà ní ìbẹ̀rẹ̀ lè ti tó ọsàn kí a tó parí.

3. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ àti àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà

Ní ọdún 1957, ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, olú ìlú Ùgáńdà, wọ́n fi ọmọdékùnrin kan han oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland kan tí ó ń jẹ́ Denis Burkitt. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àgbọ̀n ọmọ náà ni ó wú, lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Èéwo kì í yọ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi rí ọmọ mìíràn ní Jinja tí ó ní irú rẹ̀, tí ikùn tirẹ̀ sì tún wú. Ó padà lọ tú àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, ó rí i pé àwọn ọmọ náà pọ̀, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1958. Àrùn náà kì í ṣe tuntun: Albert Cook, dókítà òyìnbó tí ó dá ilé ìwòsàn Mengo sílẹ̀ ní 1897, ti ya àwòrán irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò tíì so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn ni. Ní nǹkan bí 1960, àwọn tí ń fi máíkírósíkóòpù wo ẹran ara, O'Conor àti Davies, fi hàn pé àrùn kan náà ni èyí tí ó wà ní àgbọ̀n àti èyí tí ó wà ní ikùn, àti pé inú sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèjà ara lọ́wọ́ àrùn ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí Burkitt ṣe lẹ́yìn èyí ni ó fà mí mọ́ra jù, nítorí ó jọ iṣẹ́ àwa tí ń gba àlọ́ àti oríkì sílẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri Áfíríkà, ó ń béèrè pé, 'Ǹjẹ́ ẹ rí irú èyí rí?' Ní 1961, òun àti dókítà méjì mìíràn, Ted Williams àti Clifford Nelson, wọ ọkọ̀ àlòkù kan, wọ́n sì rin nǹkan bí 16,000 kìlómítà láti Kampala títí dé gúúsù Áfíríkà àti àbọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti mọ àrùn náà, wọ́n á fi àmì sí i lórí àwòrán ilẹ̀. Ibi tí wọn kò bá ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á fi òmíràn sí i.

Nígbà tí àwòrán náà pé, bẹ́líìtì kan ni ó hàn yí àárín Áfíríkà ká. Ibi tí òtútù rẹ̀ kì í lọ sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 16 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí òjò ọdún rẹ̀ sì ju 500 mílímítà lọ, ni àrùn náà ń gbé. Orí òkè gíga kò sí i; aṣálẹ̀ kò sí i. Èyí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn kan gbà pé àrùn inú igbó kìjikìji ni, pé àwa ará ọ̀dàn Òkè-Ògùn kò ní í bá a pàdé. Òkèhò wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí àríwá ìlà ìdajì ayé. Òjò tí ń mú bàbà, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ wa dàgbà ju 1,000 mílímítà lọ lọ́dún. Àárín bẹ́líìtì náà gan-an ni a wà.

4. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn

Ọdún 1957 yìí kan náà ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, tí gbogbo wa mọ̀ sí UCH, ní Ìbàdàn. Ní 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n G. M. Edington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìwé ìforúkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Òun àti Una Maclean fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láti 1960 sí 1963 jáde fún aráyé ní 1965. Una Maclean yìí náà ni ó kọ ìwé lórí bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe ń lo ìṣègùn ìbílẹ̀, tí ó jáde ní 1971. Ó yé e, nígbà náà lọ́hùn-ún, pé ẹni tí ó bá fẹ́ ka iye aláìsàn ní láti mọ ibi tí wọ́n ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé.

Nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ yẹn, jẹjẹrẹ Burkitt ni ó ṣíwájú gbogbo jẹjẹrẹ ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje ni ó ń mú jù. Ọkùnrin tó ìlọ́po méjì obìnrin. Àgbọ̀n ni ó ti ń mú àwọn tí ó kéré jù, ní àsìkò tí eyín wọn ń hù lábẹ́ èrìgì. Bí ọmọ bá ti ń súnmọ́ ọdún mẹ́wàá, ikùn ni ó ń yàn jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé eyín tí ń mì láìjẹ́ pé kòkòrò jẹ ẹ́ ni àmì àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá yọ eyín náà, òmíràn yóò tún máa mì, nítorí kì í ṣe eyín ni ó ń ṣàìsàn.

Ìbàdàn kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí kíkà nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n V. A. Ngu, ọmọ orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù tí ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ níbẹ̀, fi oògùn wo àwọn ọmọ wọ̀nyí, ó sì kọ ìròyìn nípa àwọn tí ó yè kọjá ọdún méjì ní àkókò tí ọ̀pọ̀ dókítà ayé ṣì gbà pé jẹjẹrẹ kò ní oògùn. Ní 1972, wọ́n fún òun, Burkitt àti àwọn mìíràn ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà nítorí iṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa mọ̀ pé lára ọmọdé Áfíríkà, ní ilé ìwòsàn Áfíríkà, ni aráyé ti rí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí ìṣáájú pé oògùn lásán lè ṣẹ́gun jẹjẹrẹ.

5. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta

Kí ni ó ń fa àrùn náà? Ní 1961, Burkitt sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Anthony Epstein wà láàárín àwùjọ. Wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé ẹran ara àwọn ọmọ náà láti Kampala wá fún un. Ní 1964, òun, Bert Achong tí ó jẹ́ ọmọ Trinidad, àti Yvonne Barr kéde fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n rí nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a rí fáírọ́ọ̀sì nínú jẹjẹrẹ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì náà wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà ní gbogbo ayé, itọ́ ni ó sì ń bá rìn. Bí òun nìkan bá ni ó ń ṣe é, Lọ́ńdọ̀nù ì bá kún fún ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. A ní láti pe ẹlẹ́rìí kejì, ìyẹn ibà tí ẹ̀fọn ń kó ràn wá. Bẹ́líìtì òjò àti ooru tí Burkitt yà, bẹ́líìtì ibà náà ni. Ibà tí ó ń ṣe ọmọ lemọ́lemọ́ ń ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèjà ara láti máa pín ní ìpín àpọ̀jù, ó sì ń tú okùn tí ara fi de fáírọ́ọ̀sì náà. Ní 1966, A. O. Williams ní Ìbàdàn wo irú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ó ní àrùn náà. Iṣẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí i pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS, tí ibà kì í sábà le sí lára, kò pọ̀ láàárín wọn bí ó ti yẹ. Ẹlẹ́rìí kẹta wà nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀: nínú ìpín àpọ̀jù yìí, okùn àjogúnbá kan já, ó sì so mọ́ ibi tí kò yẹ, ohun tí ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì láti pín kò wáá gbọ́ ìdádúró mọ́. Ọdún 1982 ni èyí fi ìdí múlẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí àjẹ́, kò sí ìyá ìyàwó kejì, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ òbí kankan láàárín àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta yìí.

6. Ojú, ọrùn àti imú

Jẹjẹrẹ Burkitt kọ́ ni ó wà nìkan. Òmíràn wà tí ó ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹyinjú, tí ó sì ń mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àmì rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé bí iná bá tàn sí ojú ọmọ, àárín ẹyinjú tí ó yẹ kí ó dúdú yóò máa kọ yànrànyànràn bí ojú ológbò lóru. Ojú lè máa yà pẹ̀lú. Bí a bá gbé ọmọ náà dé ní àsìkò yìí, ẹ̀mí rẹ̀ kò ní í lọ, ojú náà pàápàá lè má lọ. Bí a bá dúró títí tí ẹyinjú fi yọ síta, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí nìkan.

Àwọn kan ń pe èyí ní èpè ìdílé. Òótọ́ ni pé nǹkan bí mẹ́rin nínú àwọn ọmọ mẹ́wàá tí ó ní in gbé àbùkù náà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wọn, wọ́n sì lè fi lé ọmọ tiwọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni kò sí ẹni tí ó ní irú rẹ̀ rí ní ilé wọn. Ohun tí ìmọ̀ yìí wúlò fún ni pé kí á máa yẹ ojú àbúrò wò láti ìgbà ìkókó. Kì í ṣe kí á máa wá ẹni tí ó ṣépè.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rẹ̀ nínú iṣan ẹran, ní ẹ̀yìn imú tàbí ní ọrùn. Kókó ọrùn ni ó ṣòro jù, nítorí ikọ́ ife àti egbò orí lásán lè mú kókó wá síbẹ̀. Èyí tí ó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tí ó le, tí kò dun ọmọ, tí ó sì ń tóbi, kí a má pè é ní ohunkóhun. Kí a gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ni ti imú tàbí etí kan ṣoṣo tí ń ṣẹ̀jẹ̀ láìdá.

7. Ìwé tí ojú ewé rẹ̀ já

Àwa tí ń ka ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ mọ̀ pé bí ojú ewé kan bá já, a kò lè sọ pé òǹkọ̀wé kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá dé ilé ìwòsàn nìkan ni ó ń wọ inú rẹ̀. Ọmọ tí ó kú ní abà lẹ́yìn Òkèhò, tí wọ́n sin ní àṣálẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti ń sin ọmọdé, kò sí lára iye.

Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ròyìn pé ìpín jẹjẹrẹ Burkitt láàárín jẹjẹrẹ ọmọdé tí wọ́n ń rí ti dín kù gidigidi sí ti àwọn ọdún 1960. Ó lè jẹ́ pé oògùn ibà àti ìgbé ayé tí ó sàn díẹ̀ ni ó fa èyí, ohun ayọ̀ sì ni. Ó tún lè jẹ́ pé ilé ìwòsàn mìíràn ń gba àwọn ọmọ náà, tàbí pé owó ọkọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n dé. Bátànì tí ó wà nínú ìwé, bátànì àrùn àti bátànì ọ̀nà ni, wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá ka ọ̀kan láìka èkejì, àkàgbé ni ó kà.

8. Ìwòsàn àti àkókò

Kì í ṣe abẹ ni wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ Burkitt. Oògùn ni, cyclophosphamide sì ni olórí wọn láti ìgbà pípẹ́. Ní ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú ọmọ mẹ́wàá ni ó ń yè. Ní Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti lo oògùn tí kò gbówó lórí púpọ̀, tí wọ́n sì lò ó pé, nǹkan bí ìdajì ni ó ń yè. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò kan kalẹ̀ ní 2018, pé kí ó kéré tán 60 nínú 100 ọmọ tí ó ní jẹjẹrẹ ní gbogbo ayé máa yè nígbà tí ó bá fi di 2030. Jẹjẹrẹ Burkitt àti ti ẹyinjú wà lára mẹ́fà tí wọ́n yàn láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ewu kan wà tí ó jọ ìtàn tí a gé kúrú. Oògùn náà ń yára ṣiṣẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó ti wú bí ìgbá lè rọ pátápátá. Ìdílé tí ó ti ta àgbàdo tí kò tíì gbó, tí bàbá ti fi oko sílẹ̀, tí ìyá ti ń sun ilẹ̀ ilé ìwòsàn, yóò wo ojú ọmọ, wọn yóò sì wí pé, 'Ó ti tán, ẹ jẹ́ kí a máa lọ ilé.' Kò tíì tán. Sẹ́ẹ̀lì tí ó fi ara pamọ́ yóò tún hù, oògùn àkọ́kọ́ sì lè máà ràn án mọ́. N kò dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tí ń san owó oògùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú àpò ara rẹ̀ ni ó mọ bí ó ti ń ṣe é. Ẹ̀bi náà wà lọ́rùn àwùjọ tí ó gbà kí ẹ̀mí ọmọ sinmi lé iye àpò àgbàdo tí bàbá rẹ̀ ní.

Sí ẹ̀yin oníṣègùn ìbílẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀pọ̀ ọmọ wọ̀nyí ń kọ́kọ́ dé. Ẹ má gún wíwú náà ní gbẹ́rẹ́, ẹ má sì là á. Ẹ̀yin tí ẹ bá fi ọmọ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tí ẹ rí i ti ṣe ìṣègùn tí ó tóbi jù. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

9. Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá kò fi ojú kékeré wo orúkọ. Nígbà tí ọmọ bá ń kú tí ó ń padà wá, àwọn bàbá wa sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Dúrójayé, kí orúkọ lè dá a dúró. Wólé Ṣóyínká àti J. P. Clark kọ ewì lórí àbíkú, olúkúlùkù pẹ̀lú ojú tirẹ̀. A mọ̀ lónìí pé ibà àti àrùn inú ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú ikú wọ̀nyẹn. Síbẹ̀, èrò tí ó wà nídìí ìsọlórúkọ náà kò kú: ọ̀rọ̀ tí ó bá jáde lẹ́nu wa lè ti ọmọ sí ọ̀nà ikú tàbí sí ọ̀nà ìyè.

Àbá mi ni pé kí a fi orúkọ kan kún àwọn tí ó wà nínú àpò wa, kí ó sì ti ẹnu olùkọ́, agbẹ̀bí, oníwàásù àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bọ́ sí etí ìyá: jẹjẹrẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé. Kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọmọdé ń ní in, pé wíwú ni kì í ṣe egbò, pé ọjọ́ ni a fi ń ka ìrìn rẹ̀, kì í ṣe oṣù, àti pé ó ní oògùn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Láti Òkèhò gba Ìṣẹ́yìn àti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn, ìrìn ọjọ́ kan ni. Bí orúkọ bá tọ̀nà ní òwúrọ̀, ọmọ lè dé ibi ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú.